Àwòrán Júpítà tútù: kí ló kù kí ọmọ Òṣogbo tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ sè é?

Atẹ̀wé_Ìgbọ́nà (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ̀yin ọmọ Òròkí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o.

Iṣẹ́ títẹ àwòrán sára aṣọ ni mò ń ṣe ní Ìgbọ́nà níbí: aṣọ ẹgbẹ́, aṣọ eré ìdárayá ilé ìwé, àpò ìpàdé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé a kì í tẹ àwòrán aláwọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A ó kọ́kọ́ pín in sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ kan síkírìnì kan, a ó wá tẹ̀ wọ́n lé ara wọn lórí. Bí síkírìnì kan bá yẹ̀ díẹ̀, imú ẹni tó wà nínú fọ́tò á di méjì.

Ohun tó fà mí dédìí pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà nìyẹn. Ọkọ̀ ojú sánmà kan wà tó ń jẹ́ Juno. NASA, àjọ ojú sánmà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, rán an lọ ní oṣù kẹjọ 2011, ó dé Júpítà ní oṣù keje 2016. Kámẹ́rà tó gbé dání ń jẹ́ JunoCam, tìtorí àwa ará ìta gan-an ni wọ́n sì ṣe fi í sínú ọkọ̀ náà. Wọn ò kó òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ jọ láti máa tún àwòrán rẹ̀ ṣe. Bó bá ti dé ilẹ̀ ayé, wọ́n á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní tútù, bí kámẹ́rà ṣe yà á láìtún un ṣe, kí ẹni tó bá fẹ́ mú un, kó sè é, kó sì dá a padà fún gbogbo ayé láti wò. Gerald Eichstädt, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, àti Kevin M. Gill ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti gbajúmọ̀ nídìí ẹ̀.

Mo ní tó bá jẹ́ ká pín àwọ̀ ká tún un tò ni, iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo gba ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo bá níbẹ̀. Àwòrán náà gùn tìrìgbọ̀ngbọ̀n. Bí mo ṣe ń fà á wálẹ̀, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú ni mò ń rí, wọ́n tò tẹ̀ léra, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní píksẹ̀lì 1648, ó sì ga ní 128 péré. Nínú ọ̀já kan mo rí etí Júpítà. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, etí kan náà ni mo tún rí, àmọ́ ó ti sún. Nínú ìkẹta, bákan náà. Mo jókòó tì í fún wákàtí méjì kí ó tó yé mi pé búlúù, àwọ̀ ewé, pupa ló ń tẹ̀ léra, tí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látorí búlúù. Mo gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tò wọ́n. Nígbà tí ìjì ńlá pupa tó wà lára Júpítà là sójú mi, mo kígbe débi pé ọmọ iṣẹ́ mi sáré wọlé wá wò bóyá iná ló gbé mi.

Àmọ́ etí òsì rẹ̀ ní ìlà búlúù, etí ọ̀tún ní ìlà pupa, bí aṣọ tí síkírìnì rẹ̀ yẹ̀. Mo sún un títí. Bí apá kan bá jókòó, apá kejì á yẹ̀.

Ìbéèrè mi rèé. Wọ́n ti fún wa lẹ́ran lọ́fẹ̀ẹ́, a dúpẹ́. Kí ló yẹ kí wọ́n ṣe kún un, kí ló sì yẹ kí àwa náà ṣe, kí ọmọ tó ní kọ̀ǹpútà àlòkù kan ṣoṣo ní Òṣogbo tó lè sè é jinná?

Akẹ́kọ̀ọ́_Físíìsì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìlà búlúù yẹn kì í ṣe ẹ̀bi yín rárá.

Juno kì í dúró sójú kan. Ó ń yí bí òkòtó, nǹkan bí ìgbà méjì láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó ṣe ń yí ni ojú kámẹ́rà rẹ̀ ń gbá Júpítà kọjá, tó ń mú un ní ọ̀já-ọ̀já láti inú asẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá: asẹ́ búlúù, asẹ́ àwọ̀ ewé àti asẹ́ pupa. Kó tó dé orí ọ̀já tó kàn, ọkọ̀ ti sún, Júpítà alára náà ti yí díẹ̀, torí kò tó wákàtí mẹ́wàá tó fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan. Iye tí ẹ máa sún ọ̀já àárín kọ́ lẹ máa sún ọ̀já etí. Pẹlẹbẹ ni síkírìnì tiyín, bọ́ọ̀lù ni Júpítà. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lé ara wọn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọkọ̀ wà ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn àti ibi tó kọjú sí, kó fi ìṣirò tẹ́ gbogbo ọ̀já sórí bọ́ọ̀lù kan, kó tó wá wo bọ́ọ̀lù náà láti iwájú.

Àwọn nọ́ńbà tí ìṣirò yẹn ń fẹ́ wà níta lọ́fẹ̀ẹ́, SPICE ni wọ́n ń pè é. Sọ́fítíwíà tó ń ṣe é náà wà lọ́fẹ̀ẹ́, ISIS ni orúkọ rẹ̀, àwọn USGS, àjọ tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní ìlú Flagstaff ló ń tọ́jú rẹ̀. Àmọ́ orí Linux tàbí Mac ló ń ṣiṣẹ́, dátà tí yóò máa gbé kiri sì wúwo. Mo gbìyànjú láti gbà á sórí ẹ̀rọ mi lọ́dún tó kọjá. Nẹ́tíwọ̀kì já lágbede méjì, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó tún já. Dátà oṣù kan lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo orúkọ fáìlì yín, ó ń sọ̀rọ̀. JNCE ló máa fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà nọ́ńbà mẹ́rin fún ọdún, nọ́ńbà mẹ́ta fún ọjọ́ tó jẹ́ nínú ọdún. Lẹ́yìn ìlà kékeré, nọ́ńbà ìyípo tí Juno wà, ìyẹn iye ìgbà tó ti yí Júpítà po, kó tó kan lẹ́tà kan. Bó bá jẹ́ C, aláwọ̀ ni. Bó bá jẹ́ M, asẹ́ kẹrin nìyẹn, ti mẹ́tíénì.

Ohun kan ṣì kù. Kámẹ́rà náà ń ka ìmọ́lẹ̀ láti 0 dé 4095, ṣùgbọ́n kó lè fúyẹ́ láti fi ránṣẹ́, wọ́n kì í mọ́ 0 dé 255. Wọn ò sì kì í ní dọ́gbadọ́gba: wọ́n fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún ibi tó ṣókùnkùn, wọ́n fún ibi tó mọ́lẹ̀ pọ̀. Ẹni tí kò bá tú u padà kó tó po àwọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á ṣì.

Ọmọ_Olúodẹ

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ pé gbogbo ayé ló ni ín! Ta ló fẹ́ ka gbogbo èyí tán?

Tísà_Ayétòrò

Àbúrò, mo gbọ́ yín. Ọ̀rọ̀ yín ló ń ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì mi.

Fún ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀, Máàsì ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Júpítà. Ọkọ̀ NASA tó ń jẹ́ Curiosity wà níbẹ̀ láti oṣù kẹjọ 2012, èyí tó ń jẹ́ Perseverance láti oṣù kejì 2021, àwòrán tútù wọn sì ń jáde lórí ojú òpó NASA bó bá ti ń dé. Ọmọ lè fi fóònù ṣí i. Kámẹ́rà aláwọ̀ wọn ń mú pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bíi kámẹ́rà fóònù yín. Nǹkan kan ò yí bí òkòtó níbẹ̀, ilẹ̀ ni ọkọ̀ jókòó sí.

Àmọ́ èyí tó dùn jù fún kíkọ́ni ni ti Juno, torí àwọ̀ pínyà níbẹ̀, ọmọ á fojú ara rẹ̀ rí bí àwọ̀ ṣe ń di odidi. Mo ní kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ní yàrá wa, mẹ́rin ló ń tan. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì. Fláàṣì ni mo fi ń gbé gbogbo nǹkan wọlé. Sọ́fítíwíà àwòrán tó ń jẹ́ GIMP wà lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè po àwòrán eérú mẹ́ta di aláwọ̀ kan.

Ọ̀nà méjì ni mo ti rí tí wọ́n fi ń gbé e fún wa. Ọ̀kan tútù yọ̀yọ̀, ọ̀já lórí ọ̀já. Èkejì ti jinná: wọ́n ti tẹ́ ẹ bíi máàpù, wọ́n ti po àwọ̀ rẹ̀, kò sí ohun tó kù fún ọmọ láti ṣe ju kó wò ó lọ. Láàárín méjèèjì, mi ò tíì rí èyí tó bá ọmọ mu. Ẹ bá wa bọ̀ ọ́, ẹ má sè é jinná. Kí wọ́n ṣe ìṣirò bọ́ọ̀lù yẹn tán, kí wọ́n tú nọ́ńbà padà, kí wọ́n wá fún wa ní àwòrán eérú mẹ́ta tó dọ́gba: pupa lọ́tọ̀, àwọ̀ ewé lọ́tọ̀, búlúù lọ́tọ̀. Ìyẹn nìkan. Ọmọ SS2 á ṣe ìyókù.

Bàbá_Fọ́tò_Òkèfìà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Kí kọ̀ǹpútà tó dé ni mo ti ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn ní Òkè-Fìà. Nẹ́gétíìfù ni àwòrán tútù tiwa. Oníbàárà kì í bèèrè rẹ̀, fọ́tò tó jáde ló fẹ́. Àmọ́ n kì í sọ ọ́ nù, torí lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn, òun ni ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀rù kan ń bà mí nínú ọ̀rọ̀ ká mú un rọrùn yìí. Áàpù tó ń bó ènìyàn láwọ̀ wà lórí fóònù gbogbo ọmọdé. Bó bá ti rọrùn tán, olúkúlùkù á fi àwọ̀ tó wù ú kun Júpítà, á sì ní bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Nẹ́pítúùnù. Ọkọ̀ ojú sánmà Voyager 2 gba ibẹ̀ kọjá ní oṣù kẹjọ 1989. Wọ́n mú àwọ̀ rẹ̀ le kí ìkùukùu rẹ̀ lè hàn, wọ́n sì sọ ọ́ nígbà náà pé bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe. Àwòrán rin ìrìn àjò, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ. Ó ju ọgbọ̀n ọdún tí a fi gbà pé Nẹ́pítúùnù dúdú bí aró. Ọdún 2024 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Oxford fi dátà tuntun tún àwòrán Voyager yẹn yẹ̀ wò, tí wọ́n fi hàn pé òun àti pílánẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ rẹ̀, Yúránọ́ọ̀sì, fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, búlúù ràkọ̀ràkọ̀ tó fara pẹ́ àwọ̀ ewé. Kò sẹ́ni tó parọ́. Ìwé ló já kúrò lára àwòrán.

Màmá_Aláró

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òṣogbo Ìlú Aró là ń wí, ẹ jẹ́ kí aláró náà dá sí i.

Bí mo bá yọ aṣọ nínú ìkòkò, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Mo á gbé e sókè, atẹ́gùn á fẹ́ sí i, lójú mi báyìí á máa yí padà títí á fi di búlúù. Mo á tún rì í bọ̀ ọ́, á tún dúdú sí i. Àlejò tó bá ya fọ́tò rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kò parọ́. Ẹni tó yà á lẹ́yìn rírì kẹfà náà kò parọ́. Ṣùgbọ́n kí àwọn méjèèjì kọ ìgbà tí wọ́n yà á. Èmi ò rò pé ká mú un nira ló máa gbà wá lọ́wọ́ ohun tí Bàbá ń bẹ̀rù. Àwọn tó mú àwọ̀ Nẹ́pítúùnù le, ọ̀gá nídìí iṣẹ́ ni wọ́n.

Akẹ́kọ̀ọ́, jọ̀ọ́, kí ni asẹ́ kẹrin yẹn ń ṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́_Físíìsì

Mà, gáàsì mẹ́tíénì ló wà fún. Ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ojú wa kò lè rí, ó kọjá pupa díẹ̀, ní nǹkan bí nánómítà 889. Mẹ́tíénì ń gbé ìmọ́lẹ̀ yẹn mì. Ìkùukùu tó bá wà nísàlẹ̀, mẹ́tíénì púpọ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀, nítorí náà á ṣókùnkùn. Èyí tó bá ga sókè á mọ́lẹ̀. Ìjì ńlá pupa yẹn máa ń tàn yòò níbẹ̀, torí orí rẹ̀ ga.

Bàbá, mo gbà pẹ̀lú yín, ẹ fojú inú wo èyí náà kún un. Àwọ̀ Júpítà gidi kò le bí èyí tí à ń rí káàkiri. Ó rọ̀, ó dà bí ògì tí wọ́n bu ṣúgà pupa díẹ̀ sí. Búlúù kíkan-kíkan yẹn, wọ́n mú un le ni, kí ìlà ìkùukùu lè yàtọ̀ síra. Iṣẹ́ tó dáa ni, kí wọ́n ṣáà ti kọ ọ́ sí i.

Ọmọ_Olúodẹ

Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ mi ìṣáájú. Mo ti padà lọ kà á. Ìbéèrè kan: ṣé kámẹ́rà náà ṣì ń ṣiṣẹ́?

Akẹ́kọ̀ọ́_Físíìsì

Ìtàn rẹ̀ dùn. Ìyípo mẹ́jọ ni wọ́n retí pé yóò lò, torí ìtànṣán tó yí Júpítà ká ń ba ẹ̀rọ jẹ́ gan-an. Ó kọjá 40 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàìsàn. Nígbà tó di ìyípo 56, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àwòrán tí kò bàjẹ́, ìlà àti ariwo ló kún inú wọn. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ wá mú kí kámẹ́rà náà gbóná ju bó ṣe máa ń wà lọ gan-an, pé bóyá ara rẹ̀ á tún ara rẹ̀ ṣe. Ó gbà. Ní 30 oṣù kejìlá 2023 ọkọ̀ náà kọjá lẹ́bàá Io, ọ̀kan lára àwọn òṣùpá Júpítà, ní nǹkan bíi kìlómítà 1,500, ó sì yà á.

Ó kan ọ̀rọ̀ wa o. Ẹni tó bá mú àwòrán ìgbà àìsàn yẹn gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ Júpítà àti èyí tó jẹ́ ọgbẹ́ kámẹ́rà. Èyí tí wọ́n bá ti sè jinná fún un, kò ní mọ̀.

Bàbá_Fọ́tò_Òkèfìà

Ẹ ṣeun. Mo fara mọ́ bíbọ̀ tí Tísà wí, pẹ̀lú àdéhùn kan. Kí ọ̀já tútù wà nínú fáìlì kan náà pẹ̀lú àwọn mẹ́ta tí wọ́n bọ̀. Kí ìwé kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kò lè já kúrò lára wọn: ọjọ́ tí wọ́n yà á, asẹ́ tó gbà kọjá, ohun tí olúkúlùkù tó fọwọ́ kàn án ṣe, láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn.

Atẹ̀wé_Ìgbọ́nà

Bàbá, ẹ ṣé sà. Mo ti ń kọ ojú ìwé kan ṣoṣo ní Yorùbá fún àwọn ọmọ Tísà, ọ̀rọ̀ ló ń dá mi dúró. Mo pe àwọn ìlà gbọọrọ yẹn ní ọ̀já. Mo pe ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ní asẹ́, bí Akẹ́kọ̀ọ́ ti pè é. Kí ni ká pe ìwé tí Bàbá ń sọ?

Tísà_Ayétòrò

"Àlàyé àfikún" ló wà nínú ìwé wa.

Màmá_Aláró

Tísà, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn ò ní ẹran lára. Ibi tí wọ́n bí i, ọjọ́ tí wọ́n bí i, ẹni tó gbẹ̀bí rẹ̀: ìwé ìbí ni. Ìwé ìbí àwòrán.

Bàbá_Fọ́tò_Òkèfìà

Ìwé ìbí. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Atẹ̀wé_Ìgbọ́nà

Ó yé ọmọdé, ó yé mi. Mo ti kọ ọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ ti bá wa ṣe ìṣirò bọ́ọ̀lù fún àwòrán kan lórí ẹ̀rọ ilé ìwé wọn. Ó kó eérú mẹ́ta, ọ̀já tútù àti ìwé ìbí sínú fáìlì kan. Kò tó 10MB, èèyàn lè fi WhatsApp gbé e. Mo tẹ ojú ìwé Yorùbá náà jáde ní ogún ẹ̀dà. Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀, ilé ìwé Tísà. Jẹnẹrétọ̀ mi ni mo máa gbé wá, ẹ má yọ Tísà lẹ́nu nípa iná.

Tísà_Ayétòrò

Ẹ kú àná o gbogbo yín. Ọmọ mọ́kànlélógún ló wá, a há ara wa mọ́ ìdí kọ̀ǹpútà mẹ́rin. Ìwé Yorùbá yẹn ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó pè mí lórí ìlà 1 dé 4. Orí ìlà 5 ni wọ́n dúró sí, níbi tí ẹ ní kí wọ́n yan èyí tó jẹ́ pupa: eérú ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú wọn, wọn ò mọ bí eérú ṣe ń jẹ́ pupa. Mo fi ìwé aláwọ̀ pupa tín-ín-rín bo ojú tọ́ọ̀ṣì, mo tàn án sára aṣọ Màmá Aláró, ó yé wọn. Ẹ fi ìyẹn sínú ìwé.

Ní aago méjìlá kọjá díẹ̀ àwọ̀ wọlé lórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Mi ò lè ṣàpèjúwe ariwo yẹn.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin SS2 kan pè mí. Ó fi ìka han ẹ̀kán pupa kan tó mọ́ roro lápá ibi tó ṣókùnkùn, ó ní, "Sà, ṣé ìràwọ̀ nìyí?" Kí n tó dáhùn, ó ti ṣí eérú mẹ́ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kán yẹn wà nínú ti pupa nìkan, kò sí nínú búlúù, kò sí nínú ti àwọ̀ ewé. Ó ṣí ọ̀já tútù, ó wá ibẹ̀ títí ó fi rí i: píksẹ̀lì mẹ́ta péré, nínú ọ̀já kan ṣoṣo. Ó ní bó bá jẹ́ ìràwọ̀ ni, ìkejì ìkẹta ì bá rí i.

Akẹ́kọ̀ọ́_Físíìsì

Òótọ́ ló sọ! Ìtànṣán ló gbá kámẹ́rà ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Èmi tí mo ṣe ìṣirò rẹ̀ kò rí i.

Bàbá_Fọ́tò_Òkèfìà

Ṣé ẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé ìbí rẹ̀?

Atẹ̀wé_Ìgbọ́nà

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sà, ìlà kẹsàn-án, pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà ọ̀já náà.